Wáífáì Alágbàtà: Orúkọ Tó Yẹ Ohun Tí Wọ́n Ń Pè Ní Àwọ̀n

Bí ilé bá ti ju alájà kan lọ, ráútà kan ṣoṣo, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé, kì í sábà kárí rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí a fi ń rí ẹ̀rọ méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n ń tà papọ̀ nínú páálí kan, tí Òyìnbó ń pè ní mesh. Àwọn tó ń fi èdè wa kọ̀wé nípa ìmọ̀ ẹ̀rọ ti sọ ọ́ di "àwọ̀n Wáífáì", wọ́n sì gbà pé iṣẹ́ ti parí. N kò fara mọ́ ọn rárá. Bí a bá kọ ọ́ láìsí àmì, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń kọ̀wé lórí fóònù, ta ni yóò mọ̀ bóyá àwọ̀n ni tàbí àwọn? Èyí tó tún burú jù ni pé àwọ̀n jẹ́ ohun tí a ń ta sílẹ̀ kó lè mú ohun tó bá ń kọjá. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ yìí yóò gbé ẹ̀rọ kejì lọ sínú yàrá tí íntánẹ́ẹ̀tì kò dé, yóò sì máa retí kó mú un níbẹ̀. Orúkọ tó ń ṣi onílé lọ́nà báyìí kò yẹ kó wà lẹ́nu wa.

Àwọn mìíràn ń pè é ní "gbohùngbohùn", orúkọ tí a ti fún ẹ̀rọ tí a ń sọ̀rọ̀ sí tipẹ́tipẹ́. Àwọn tó kọ "mẹ́ẹ̀ṣì" kò túmọ̀ ohunkóhun ní tiwọn. Wọ́n kàn fi àmì ohùn lé ọ̀rọ̀ Òyìnbó lórí ni.

Wáífáì alágbàtà ni èmi ń pè é. Ráútà tí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń wọlé ni àgbẹ̀ tó ni irè. Ẹ̀rọ tó wà ní àjà òkè ni alágbàtà tó ń gba ọjà lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì ń tà á fún fóònù àti kọ̀ǹpútà tó bá wà nítòsí, lábẹ́ orúkọ kan náà àti ọ̀rọ̀ aṣínà kan náà, tí oníbàárà kankan kò fi ní láti rìn dé oko. Ṣùgbọ́n alágbàtà tó bá kọ́ ìsọ̀ síbi tí ọjà kò lè dé, igbá òfìfo ni yóò máa pàtẹ. Nítorí náà ẹ má ṣe gbé ẹ̀rọ òkè sínú yàrá tó ń dà yín láàmú. Ibi tí ìgbì ráútà ṣì ti lágbára ni kó wà, bóyá ní orí àtẹ̀gùn tàbí ní yàrá tó wà lókè ráútà tààrà, kó lè ti ibẹ̀ ta ọjà sí yàrá náà.

Àwọn kan tako mi pé ọ̀rọ̀ yìí ní ẹ̀gàn nínú, nítorí pé alágbàtà kì í ta ọjà láìjẹ èrè lórí rẹ̀. Ohun tó mú mi yàn án gan-an nìyẹn. Ẹ̀rọ tó ń fi ìkànnì kan ṣoṣo gba dátà tó sì tún ń fi í rán an kò lè ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà nǹkan bí ìdajì iyára ni yóò kù fún ẹni tó ń lò ó, bí alágbàtà kejì bá sì tún gbà á lọ́wọ́ ti àkọ́kọ́, yóò tún dín. Àwọn ẹ̀rọ kan ní rédíò kẹta, ìyẹn ẹ̀yà inú wọn tó ń rán ìgbì tó sì ń gbà á, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ àárín ara wọn, èyí sì ń mú àdánù náà fúyẹ́. Ní ti ìyàtọ̀ tí wọ́n ń ṣe láàárín mesh àti ẹ̀rọ kékeré tí a ń kì bọ ojú iná láti tan Wáífáì síwájú (extender), n kò rí ìdí tí onílé fi níláti há a sórí: alágbàtà ni gbogbo wọn, àwọn kan ló kàn mọ ọjà tà ju àwọn yòókù lọ.

Kọnkéré tó wà láàárín àjà méjì, pẹ̀lú irin tó wà nínú rẹ̀, ni olórí ìṣòro. Ìgbì Wáífáì tí wọ́n ń pè ní 2.4 GHz (GHz ni òṣùwọ̀n bí ìgbì ṣe ń yára mì tó), tó gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 12, ṣì ń rọ́nà kọjá díẹ̀. Ìgbì 5 GHz, tó gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 6, yára ju bẹ́ẹ̀ lọ ṣùgbọ́n kọnkéré tètè ń gbé e mì, ti 6 GHz sì tún burú sí i. Áńtẹ́nà tó bá dúró ṣánṣán, ẹ̀gbẹ́ ni ó ń tan ìgbì sí, díẹ̀ ló sì ń lọ sókè tàbí sísàlẹ̀, nítorí náà bí ráútà yín bá ní ju ẹyọ kan lọ, ẹ mú kí ọ̀kan nínú wọn dùbúlẹ̀.

Bí ọ̀nà bá wà láti fa wáyà láti àjà dé àjà, ẹ fà á kí ẹ tó ra ohunkóhun mìíràn. Wáyà Ethernet, ìyẹn wáyà tí a fi ń so ráútà mọ́ ẹ̀rọ mìíràn, lè gbé dátà dé mítà 100, alágbàtà tó bá sì ń gba ọjà nípasẹ̀ rẹ̀ kì í jẹ èrè kankan tí ojú lè rí. Ohun kan ni wáyà kò lè tún ṣe: fóònù fúnra rẹ̀ ló ń pinnu ìgbà tí yóò fi alágbàtà kan sílẹ̀ fún òmíràn. Ìlànà 802.11k àti 802.11v, tí wọ́n wà lára àwọn òfin tí Wáífáì ń tẹ̀lé, lè tọ́ka èyí tó sún mọ́ ọn fún un, síbẹ̀ fóònù mìíràn á di ti ìsàlẹ̀ mú títí ẹni tó gbé e á fi dé àjà kẹta. Níbi tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ dín agbára ìgbì ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ kù nínú ètò rẹ̀. Fóònù yóò tètè jọ̀wọ́ rẹ̀.