Irinṣẹ́ wo ló yẹ fún lílé afẹ́fẹ́ jáde nínú bíréèkì àti pípààrọ̀ ọ́ìlì ọkọ̀ nílé?

Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, ọ́ìlì ló ń gbé agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sí táyà. Písítìn inú másítà, tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì níwájú àyè awakọ̀, á ti ọ́ìlì gba inú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kálípà á sì fi páàdì fún dísìkì pinpin títí ọkọ̀ á fi dúró. Èyí ṣeé ṣe nítorí pé ọ́ìlì kì í sún kì. Bí a bá tì í níhìn-ín, dandan ni kó tì lọ́hùn-ún. Afẹ́fẹ́ ò rí bẹ́ẹ̀. Bí ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ díẹ̀ bá há sínú páìpù, afẹ́fẹ́ yẹn ni agbára ẹsẹ̀ á kọ́kọ́ máa fún mọ́lẹ̀ kó tó kan páàdì, pẹ́dà á sì rọ̀ bíi tìmùtìmù. Afẹ́fẹ́ yìí, pẹ̀lú ọ́ìlì tó ti gbó, la fẹ́ lé jáde. Irinṣẹ́ tó dára ni èyí tó ń jẹ́ kí ọ́ìlì jáde láì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ mìíràn gba ẹ̀yìn wọlé.

Omi náà ń bá bíréèkì jà. Ọ́ìlì bíréèkì a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́, pàápàá níbi tí ojú ọjọ́ ti lọ́rinrin bíi Èkó. Èyí tí wọ́n kọ DOT 3 sí lára (DOT ni àmì ìpele ọ́ìlì bíréèkì) kò gbọdọ̀ hó kó tó gbóná dé 205°C nígbà tó ṣì tuntun. Bí omi inú rẹ̀ bá ti tó nǹkan bíi 3.7 nínú ọgọ́rùn-ún, 140°C péré ni ìwọ̀n tí a ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ti DOT 4 jẹ́ 230°C àti 155°C. Ọkọ̀ tó rù wúwo tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, tí awakọ̀ rẹ̀ ń tẹ bíréèkì léraléra, lè mú kí ọ́ìlì tó ti fa omi hó nínú kálípà. Omi tó hó di oru gbígbóná, oru náà ń sún kì bí afẹ́fẹ́, pẹ́dà á sì lọ sílẹ̀ láìmú nǹkan kan. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ fi ní kí a máa pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì sí mẹ́ta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jò. Agolo kékeré tí èdìdì rẹ̀ kò tíì já ló yẹ kí a rà, kì í ṣe èyí tó ti ṣẹ́kù sínú ṣọ́ọ̀bù láti ọdún tó kọjá. DOT 3, DOT 4 àti DOT 5.1 lè bára wọn gbé. DOT 5 kò bá wọn tan rárá, sílíkóònù ni, kò sì gbọ́dọ̀ wọ inú ọkọ̀ tí wọn kò ṣe fún un.

Kí a tó sọ̀rọ̀ pọ́ǹpù kankan, owó àkọ́kọ́ yẹ kó lọ sórí ohun tó máa gbé ọkọ̀ dúró. Jáàkì oníọ́ìlì fúnra rẹ̀, bíi bíréèkì ló ń ṣiṣẹ́. Bí rọ́bà inú rẹ̀ bá ya, ọkọ̀ á já wálẹ̀ láìkìlọ̀. Iṣẹ́ jáàkì ni láti gbé sókè. Sítáǹdì onírin ló ń gbé dúró. Búlọ́ọ̀kù tí a fi ń kọ́lé lè fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni ki orí bọ abẹ́ ọkọ̀ tó wà lórí rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ yanrìn, a ó tẹ́ pákó tó nípọn sábẹ́ sítáǹdì, a ó sì fi wẹ́ẹ̀jì há àwọn táyà tó ṣì wà nílẹ̀.

Sípánà ló kàn. Nọ́ọ̀tì kékeré tó ní ihò nínú, tí ọ́ìlì ń gbà jáde, ni nípùlù tó wà lẹ́yìn kálípà, ihò yẹn ló sì jẹ́ kó tètè ṣẹ́. Mílímítà 8 tàbí 10 ni sípánà rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ lára Toyota àti Honda. Sípánà tí ẹnu rẹ̀ là, ẹ̀gbẹ́ méjì péré ló ń dì mú, bó bá sì yọ̀ lẹ́ẹ̀kan, orí nípùlù á di róbótó. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí ríìngì tí inú rẹ̀ ní igun mẹ́fà ló dára jù. Oníigun méjìlá kì í di ẹ̀gbẹ́ mú tó bẹ́ẹ̀. A ó fi sọ́kẹ́ẹ̀tì já agídí rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, a ó dì í padà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ríìngì àti họ́ọ̀sì á wá wọlé.

Ọ̀rọ̀ yìí kan tókúnbọ̀ gan-an. Ọkọ̀ tó ti lo òtútù mélòó kan ní Kánádà tàbí ní àríwá Amẹ́ríkà ti rìn lórí títì tí wọ́n da iyọ̀ sí kí yìnyín lè yọ́, ìpẹtà sì ti lè lẹ nípùlù rẹ̀ mọ́ kálípà. Àwọn ti irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ la ó fi ọ́ìlì tó ń wọ inú ìpẹtà rin láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, a ó sì rọra fi òòlù kékeré kàn án. Bó bá ṣì ń ṣagídí, ó sàn kí a dáwọ́ dúró, torí pé nípùlù tó bá ṣẹ́ sínú sábà máa ń di owó kálípà tuntun. Nígbà tí a bá ń dì í padà, kò nílò ju nǹkan bíi 8 sí 10 Nm lọ (Nm ni ìwọ̀n agbára tí a fi ń di nọ́ọ̀tì). Agbára ọrùn ọwọ́ tó, kì í ṣe ti èjìká.

Ọ̀nà tó dínwó jù ni ti ẹni méjì: họ́ọ̀sì tó mọ́ gaara tó há nípùlù pinpin, ìgò tí ọ́ìlì díẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kí ẹnu họ́ọ̀sì lè rì, àti ẹnì kan lórí àga awakọ̀. Ẹni tó wà lókè á tẹ pẹ́dà, á dì í mú. Ẹni ìsàlẹ̀ á tú nípùlù díẹ̀, ọ́ìlì á tú jáde, á sì tì í padà kí ẹni òkè tó gbẹ́sẹ̀. Bó bá gbẹ́sẹ̀ ṣáájú, afẹ́fẹ́ á wọlé, iṣẹ́ á sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó dára kí họ́ọ̀sì kọ́kọ́ gòkè láti ẹnu nípùlù kó tó sọ̀ kalẹ̀ sínú ìgò, nítorí pé òkè ni afẹ́fẹ́ ń sá sí. Lára ọkọ̀ àgbà, a ó gbé igi kékeré sábẹ́ pẹ́dà kó má bàa kanlẹ̀. Ìdí ni pé rọ́bà inú másítà ti ń rìn lójú kan láti ọdún pípẹ́. Bí a bá tì í dé ibi tí ìpẹtà ti mú, ó lè ya.

Ẹni tó dá wà lè ra ìgò tó ní fáàfù tó ń jẹ́ kí ọ́ìlì jáde, tí kì í jẹ́ kí ó padà. Ó rọrùn, kò sì wọ́n. Pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ tó ń fa ọ́ìlì láti ẹnu nípùlù náà wà, ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan tó máa ń da ènìyàn láàmú: ó ń fa afẹ́fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ eyín nípùlù tí a ti tú, afẹ́fẹ́ á máa hó jáde láìdáwọ́ dúró bí ẹni pé páìpù kún fún afẹ́fẹ́, nígbà tó jẹ́ pé inú páìpù ti mọ́. Èyí tó dára jù fún ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà déédéé ni agolo tó ń ti ọ́ìlì láti òkè. A ó dé e mọ́ ẹnu ike ọ́ìlì tó wà lórí másítà, a ó fún un ní PSI 10 sí 15, ìyẹn kò tó ìdajì ohun tó wà nínú táyà ọkọ̀ kékeré, ọ́ìlì tuntun á sì máa sàn wálẹ̀ bí a ti ń tú nípùlù kọ̀ọ̀kan. Ohun tí a gbọ́dọ̀ wò kí a tó rà á ni ìdérí rẹ̀. Bí kò bá bá ẹnu ike ọkọ̀ wa mu, ọ́ìlì á tú dà sára ọ̀dà ọkọ̀, yóò sì bó o. Omi púpọ̀ la fi ń ṣan án kíákíá.

Irinṣẹ́ yòówù kó jẹ́, ike orí másítà kò gbọ́dọ̀ gbẹ. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹsẹ̀ tó jìnnà jù sí másítà la ti ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀yìn bí ọwọ́ òsì bá ni ìdarí wà. Ṣùgbọ́n ìwé ọkọ̀ lè sọ ohun mìíràn, òun sì ni kí a tẹ̀ lé. Bí afẹ́fẹ́ bá ti wọ inú ABS, ìyẹn ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há nígbà tí a bá tẹ bíréèkì, pẹ́dà nìkan lè má lé e jáde. Ẹ̀rọ tí a ń kì bọ ọkọ̀ láti bá kọ̀ǹpútà rẹ̀ sọ̀rọ̀ ló máa mú kí pọ́ǹpù ABS yí. Ti Prius, ọkọ̀ Toyota tó ń lo epo àti bátìrì, náà rí bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ kí ẹni tí kò ní ẹ̀rọ náà dá a láṣà. Kí ọkọ̀ tó jáde ní ọgbà, a ó tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀, a ó sì dì í mú fún ìgbà díẹ̀. Bó bá ń rọra rì lọ sílẹ̀, ọ́ìlì ń jò níbì kan tàbí másítà ti bàjẹ́.

Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì rọrùn ju èyí lọ. Sọ́kẹ́ẹ̀tì 14 ló ń tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ ọ̀pọ̀ Toyota, 17 ni ti Honda, wáṣà tuntun sì yẹ kó bá a wọlé. Dídì jù ló ń ba eyín súǹpù aluminiọ́ọ̀mù, ìyẹn abọ́ ọ́ìlì abẹ́ ẹ́ńjìnnì, jẹ́. Nǹkan bíi 40 Nm ti tó fún Toyota. Ibi tí owó ti ń ṣòfò ni irinṣẹ́ fíltà. Camry 2.4 ń lo fíltà onírin tí bẹ́líìtì lè yí, ṣùgbọ́n Corolla 1.8 láti 2009 ń lo fíltà oníbébà tó wà nínú ilé kan, sọ́kẹ́ẹ̀tì tó rí bíi fìlà, oníwọ̀n 64 tàbí 65, ló sì ń ṣí ilé yẹn láì fọ́ ọ.

Ní ti jíà, ihò tí a ń gbà rọ ọ́ìlì sínú rẹ̀ la ó kọ́kọ́ tú, kí a tó tú ti ìsàlẹ̀. Bí ti ìsàlẹ̀ bá ti tú, tí ti òkè kò sì ṣí mọ́, ọkọ̀ kò ní lè kúrò níbẹ̀. Pọ́ǹpù kékeré tó ń fa ọ́ìlì láti inú gálọ́ọ̀nù wúlò, torí kò sí àyè láti gbé gálọ́ọ̀nù dà sínú ihò ọ̀hún. Jíà tí kò ní ọ̀pá ìwọ̀n, bí ọ̀pọ̀ Toyota tó ń lo ọ́ìlì WS, nílò kí a mọ bó ti gbóná tó kí a tó wọn ọ́ìlì rẹ̀. Iṣẹ́ ẹni tó ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò nìyẹn.

Ìdérí rédíétọ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣí nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Láti rọ omi sínú rẹ̀, àrọ gíga tó há ẹnu rédíétọ̀ ló yẹ, kí omi inú rẹ̀ lè ga ju ẹ́ńjìnnì lọ, kí afẹ́fẹ́ sì lè máa fọ́ jáde síbẹ̀. Omi rédíétọ̀ (kúláǹtì) tí a bá tú jáde dùn lẹ́nu, májèlé sì ni fún ọmọdé, ajá àti ewúrẹ́, nítorí náà abọ́ tó fẹ̀ tó sì ní ìdérí ṣe pàtàkì. Ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ti ẹ́ńjìnnì ní àwọn tó ń rà á, títí kan àwọn káfíńtà tó ń fi pa igi òrùlé nítorí ikán. Kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀ ni kó wà, kí ọ́ìlì bíréèkì àti omi rédíétọ̀ má ṣe dà pọ̀ mọ́ ọn, kí wọ́n má sì ṣan lọ sí gọ́tà tàbí ìdí kànga.