Kí ló dé tí Ẹnjiníà fi ń gbá géèmù bí ọmọdé? Ìbéèrè àti ìdáhùn láti Ìkòròdú

Ìyá kan wà ní kọ́ḿpáùndì wa níbí, apá Ògólóńtò, ọmọ wọn ọkùnrin ń ka kọ̀ǹpútà ní LASUSTECH lójú ọ̀nà Ṣàgámù (Poly la mọ̀ ọ́n sí kó tó di yunifásítì ní 2022). Lọ́jọ́ Sátidé kan wọ́n kanlẹ̀kùn mi, agogo mọ́kànlá àárọ̀, wọ́n bá mi níwájú tẹlifíṣọ̀n, èmi àti ṣòkòtò péńpé, páàdì géèmù lọ́wọ́. Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n ní "Ẹnjiníà, ìwọ náà?"

"Ìwọ náà" yẹn ló bí gbogbo ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí o. Èyí tó pọ̀ níbẹ̀, tiwọn ni, Alhaji lándílọ́ọ̀dù wa náà dá sí i, ọmọ kan tó ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù géèmù nítòsí Gáréèjì sì bi mí ní ọ̀kan. Mo kàn tẹ̀ ẹ́ bó ṣe jáde lẹ́nu wa ni.

Ìbéèrè: Àgbà ọkùnrin tó ń kọ software tí wọ́n ń sanwó oṣù fún, kí ló ń wá nídìí géèmù?

Ìdáhùn: Mummy, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ bi yín. Alhaji tí wọ́n bá ti kírun Àsárì tán, ìdí ọpọ́n ayò ni, wọn ò ní dìde títí wọ́n á fi pe Màgàríbì, ta ló pe Alhaji lọ́mọdé rí? Wọ́n mọ ibi tí ọmọ ayò máa já sí kí wọ́n tó kó o nílẹ̀. Èmi tí wọ́n ń pè ní ẹnjiníà yìí, ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n fi ń jẹ mí tán, lẹ́yìn náà wọ́n á máa pè mí ní òpè lójú gbogbo àwọn ọmọ kọ́ḿpáùndì.

Nǹkan àkọ́kọ́ tí mo kọ tó ṣiṣẹ́ láyé mi, ayò náà ni. Ilé méjìlá, ọmọ mẹ́rin mẹ́rin, gbogbo ẹ̀ 48, mo rò pé ọjọ́ kan ló máa gbà mí. Ọ̀sẹ̀ kan ló gbà o jàre. Ibi tó ti há mi ni ilé kejìlá: ẹ mọ̀ pé téèyàn bá gbìn dé ìkẹyìn, á yí padà sí ilé àkọ́kọ́ ni, ọwọ́ èèyàn ń ṣe é láì ronú, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ò mọ̀ pé ọpọ́n yí po, ilé kẹtàlá ló ń wá kiri, ìgbà tí ò rí i ló dákú. Ọ̀rọ̀ ká yí padà sí ìbẹ̀rẹ̀ yìí, ẹ mú un lọ́wọ́, mo ṣì máa padà sí i.

Ìbéèrè: Ó dáa, kí ni géèmù kọ́ ẹ tí ibi iṣẹ́ ò kọ́ ẹ?

Ìdáhùn: Pé àkókò ò tó. Software tí mò ń kọ níbi iṣẹ́, tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tó sì rò ó fún sẹ́kọ́ńdì méjì, ẹ kàn máa ṣépè díẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó máa kú. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ nínú géèmù ayé òde òní, ìgbà 60 láàárín sẹ́kọ́ńdì kan ló ń ya àwòrán tuntun síwájú yín, ìyẹn ni pé tí ẹ bá gé sẹ́kọ́ńdì kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, bíi 16 péré ló ní láti fi wo ìka yín lórí páàdì, kó gbé bọ́ọ̀lù kúrò níbi tó wà, kó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti kan ọwọ́ kípà, kó ya pápá, kó ya èrò ìwòran, kó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Tó bá pẹ́, ojú yín máa mọ̀.

Wọ́n ní àṣìṣe ló bí èyí tó dùn jù. Ní 1978, ará Japan kan, Tomohiro Nishikado, ṣe Space Invaders, àwọn ẹ̀dá 55 ló ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ wá bá yín, ẹ̀ ń yìnbọn lù wọ́n. Ẹ̀rọ ìgbà yẹn ò lágbára, kò lè gbé gbogbo wọn rìn lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń gbé wọn. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń pa wọ́n, iṣẹ́ tó wà lọ́rùn ẹ̀rọ ń dín kù, àwọn tó ṣẹ́ kù wá ń yára sí i, èyí tó kù ní ìkẹyìn a máa sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Ọkùnrin náà rí i pé ó ń dẹ́rù bani, ó ní kó máa wà bẹ́ẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti géèmù Pac-Man, 1980. Ẹ rántí mítà ọ̀kadà àtijọ́, tó bá ka 99999 tán, ó di 00000, ẹni tó ń ta ọ̀kadà náà á ní tuntun ni. Àyè tí Pac-Man fi ń ka ìpele, 255 ló lè gbà mọ. Ẹni tó bá wá lọ́wọ́ débi pé ó dé ìpele 256, nọ́ḿbà yí padà sí òdo, ibi tó yẹ kí ẹ̀rọ ti ya èso bíi méjèèje sísàlẹ̀ láti fi hàn pé ẹ ti rìn jìnnà, 256 ló bẹ̀rẹ̀ sí yà, apá ọ̀tún ojú ẹ̀rọ wá dàrú pátápátá, lẹ́tà lórí lẹ́tà, kò sọ́nà àbáyọ. Ẹ rí i? Ọpọ́n ayò mi ò yí po níbi tó yẹ kó ti yí, tiwọn yí níbi tí ò yẹ.

Ìbéèrè (ọmọ ṣọ́ọ̀bù géèmù ló bi mí): Bọ̀dá, YouTube ń lọ geerege lórí fóònù mi, kí ló dé tí mo bá ń gbá online pẹ̀lú ará Yúróòpù, màá ti yìnbọn tán kó tó mọ̀ pé mo yìnbọn?

Ìdáhùn: Torí YouTube ń gbé fídíò pa mọ́ sílẹ̀ dè ẹ́ ni, géèmù ò lè gbé ohun tí ẹnìkejì ò tíì ṣe pa mọ́. Okùn íńtánẹ́ẹ̀tì tó gba abẹ́ òkun láti Èkó lọ sí Portugal, bíi MainOne tó dé ní 2010, tó kìlómítà 7,000. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gbé ọ̀rọ̀ nínú okùn yẹn ń sáré bíi kìlómítà 200,000 láàárín sẹ́kọ́ńdì kan, ó yá o, àbí? Ṣùgbọ́n tá a bá gé sẹ́kọ́ńdì kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, lílọ bíbọ̀ á gbà á ní 70 nínú ẹ̀, a ò tíì ka gbogbo ibi tó ti ń dúró lójú ọ̀nà. 16 ni mo ní àwòrán kan ń gbà, nígbà tí ìbọn rẹ bá fi máa lọ táá bọ̀, àwòrán mẹ́rin ti kọjá lójú ẹnìkejì, ó ti sá pamọ́. Kò sí dátà tó lè wo èyí sàn. Wá àwọn tó wà nítòsí gbá.

Ìbéèrè: Àwọn mítíìn tẹ́ẹ̀kì, ibi tí ẹ̀yin tó ń kọ software ti ń pàdé, tó o ń tìtorí ẹ̀ jí ní Sátidé ńkọ́? Ṣé jọ́lọ́ọ̀fù ni?

Ìdáhùn: Jọ́lọ́ọ̀fù wà níbẹ̀, mi ò ní parọ́. Ẹ mọ̀ pé tí mo bá ń lọ Yaba láti ibí, aago mẹ́fà ni mo ti wà lórí ìlà bọ́ọ̀sì BRT ní Gáréèjì, a ṣì ń dúpẹ́ pé ó ti ń dé Ìkòròdú láti 2015, Mile 12, Kétu, Ojóta, màá sọ̀ ní Fádèyí, màá tún wọ kẹ̀kẹ́. Wákàtí méjì, nígbà mìíì mẹ́ta. Èèyàn ò lè torí ráìsì ṣe ìyẹn.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ̀kan. Mò ń ṣe géèmù kékeré kan, dánfó tó ń sá fún kòtò lójú ọ̀nà Ìkòròdú sí Mile 12 (kòtò ò wọ́n mi). Lórí láptọ́ọ̀pù mi ó ń rìn dáadáa, mo gbé e fún ọ̀rẹ́ mi kan tó ní láptọ́ọ̀pù olówó ńlá, dánfó náà ya wèrè, kí ẹ tó rí kòtò ẹ ti wà nínú ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi wá ohun tó ṣe é, mo yí gbogbo nǹkan padà, mo tún un kọ, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún. Mo gbé e lọ sí mítíìn. Ọmọbìnrin kan tí ò tíì parí yunifásítì wò ó, kò tiẹ̀ jókòó, súyà wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ní "Bọ̀dá, ẹ ò wo aago. Ẹ̀ ń sún mọ́tò síwájú ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ya àwòrán. Tiyín ń ya 60, tiwọn ń ya 144." Ó tán. Ẹ bi dánfó léèrè iye àkókò tó ti kọjá kẹ́ ẹ tó sún un, ìlà kan péré ni mo fi kún un. Àṣìṣe Space Invaders lèmi náà ṣe, ó kàn jẹ́ pé tèmi ò dùn mọ́ ẹnikẹ́ni.

Àti pé kì í ṣe Èkó ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ní March 1975 àwọn kan ní California pé jọ sí gáréèjì ọkọ̀ ẹnì kan, wọ́n pe ara wọn ní Homebrew Computer Club. Steve Wozniak, ọ̀kan nínú àwọn tó dá iléeṣẹ́ Apple sílẹ̀, wà níbẹ̀. Òun náà ló bá iléeṣẹ́ Atari ṣe iṣẹ́ lórí géèmù kan tó ń jẹ́ Breakout, ẹ̀ ń fi bọ́ọ̀lù wó bíríkì. Ìgbà tó wá ń ṣe kọ̀ǹpútà Apple II tó jáde ní 1977, ó sọ ọ́ fúnra ẹ̀ pé torí kóun lè gbá Breakout lórí ẹ̀ lòun fi fi àwọ̀ sí i, tòun fi ohùn sí i, tòun ṣe ojú ibi tí páàdì máa wọ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí? Torí géèmù.

Ìbéèrè (Alhaji): Owó wà níbẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Alhaji, nínú géèmù dánfó? Kò tíì tó owó mínírà. Ṣùgbọ́n AI tí gbogbo ayé ń pariwo yìí, àwọn mẹ́ta ní yunifásítì Toronto ló tan iná ẹ̀ ní 2012, káàdì inú kọ̀ǹpútà méjì tí wọ́n ṣe fún géèmù, GTX 580, ni wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ wọn bí wọ́n ṣe ń dá àwòrán mọ̀. Iléeṣẹ́ tó ṣe káàdì yẹn, Nvidia, ẹ bi ẹni tó bá ń ra ṣíà ní Amẹ́ríkà.

Ìbéèrè: Ṣé kí n wá fi ọmọ yìí sílẹ̀ kó máa gbá a?

Ìdáhùn: Tó bá jẹ́ gbígbá nìkan, ẹ gba páàdì yẹn lọ́wọ́ ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ ìdánwò, èmi náà kì í fọwọ́ kan tèmi tí iṣẹ́ bá ń lé mi. Ṣùgbọ́n ẹ ní kó gbé e wá sọ́dọ̀ mi, mo ní fáìlì ayò àtijọ́ yẹn síbẹ̀. Ilé kejìlá ṣì bàjẹ́ nínú èyí tí mo máa fún un, mo mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́ padà ni.

Lálẹ́ ọjọ́ Thursday, wọ́n ti mú iná lọ, wọ́n tún kan ilẹ̀kùn. Mo rò pé ẹjọ́ ni. Wọ́n ní, "Ẹnjiníà, ilé kejìlá ti ń yí o, ó ní kí n sọ fún ẹ. Èló ni BRT dé Fádèyí báyìí?"