Ọmọ tó ní Tourette ló ń ṣe tíṣà lọ́jọ́ náà

Láwọn ilé ìwé kan ní Amẹ́ríkà, ọmọ tó ní àìlera Tourette máa ń dìde níwájú kíláàsì, á ní kí gbogbo wọn mú pẹ́ńsù. Kí wọ́n kọ ẹ̀jẹ́ tí wọ́n máa ń jẹ́ fún àsíá orílẹ̀-èdè wọn, àmọ́ bí wọ́n bá ti kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta, kí wọ́n pa ẹ̀kẹta rẹ́, kí wọ́n tún un kọ. Bí òun bá pàtẹ́wọ́, kí wọ́n fi pẹ́ńsù lu tábìlì. Kì í pẹ́ tí ọwọ́ á fi dàrú, tí ẹ̀rín á fi sọ. Ìgbà yẹn ni ọmọ náà á wá sọ fún wọn pé bí ìwé kíkọ ṣe máa ń rí fún òun nìyẹn.

Tourette kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe àṣejù ọmọ. Inú ọpọlọ ló ti ń wá: ojú á máa ṣẹ́, èjìká á máa fò sókè, ohùn á máa já jáde. Tic ni àwọn dókítà ń pè é. Ọmọ lè mú un mọ́ra fúngbà díẹ̀, bí èèyàn ṣe lè fara da ibi tó ń yún un láìhọ ọ́, àmọ́ á ṣì jáde níkẹyìn. Èébú tó ń já jáde lẹ́nu láìfẹ́, tí fíìmù fi ń dẹ́rìn-ín pani, kì í tiẹ̀ í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣe é, bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá ni. Láàárín ọmọ ọdún 10 sí 12 ló sábà máa ń le jù. Ẹ wo irú ọjọ́ orí tó lọ mú, ìgbà tí ọmọdé mọ yẹ̀yẹ́ ṣe jù lọ!

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ fi ń ṣiṣẹ́. Àníyàn àti ojú tí wọ́n bá tẹ̀ mọ́ ọn máa ń mú tic pọ̀ sí i. "Dákẹ́ jẹ́ẹ́" tí tíṣà ń sọ sì lè sọ ọ́ di ńlá. Bí kíláàsì bá ti mọ ohun tó jẹ́, tí kò sẹ́ni tó ń wò ó mọ́, ara ọmọ á balẹ̀.

Ẹgbẹ́ Tourette Association of America, tó bẹ̀rẹ̀ ní Queens, New York, ní 1972, ló ń dá àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́. Òfin náà tún wà lẹ́yìn wọn: abala 504 nínú òfin 1973 kan kò gba ilé ìwé tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀ láyè láti fi àìlera du ọmọ ní ẹ̀kọ́. Òbí á bá ilé ìwé jókòó, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀: yàrá ọ̀tọ̀ nígbà ìdánwò, àsìkò díẹ̀ sí i, àyè láti jáde síta láìgbàṣẹ. Òbí tí kò bá béèrè lè má rí nǹkan kan gbà, ibẹ̀ ló sì máa ń dun èèyàn jù.

Àwọn ọ̀dọ́ yìí tún máa ń lọ sí Washington, lọ́dọ̀ àwọn aṣòfin, láti bẹ̀bẹ̀ fún owó ìwádìí àti ìdálẹ́kọ̀ọ́ àwọn dókítà àti tíṣà. Bí èjìká ọmọ bá fò sókè nínú ọ́fíìsì aṣòfin, kò dìgbà tó bá ṣàlàyé púpọ̀: ohun tó torí ẹ̀ wá ti wà níwájú wọn.