Bí Linux orí fláàṣì kò bá dé desktop, ẹ wo ibi tó ti dúró

Ojú láptọ́ọ̀pù dúdú kirikiri, ìlà kékeré kan ṣoṣo ló ń ṣẹ́jú ní igun òkè. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tòkùnbọ̀ ní Computer Village n'Íkẹjà, tó ki fláàṣì Linux, ètò tó ń darí ẹ̀rọ bíi Windows, bọ̀ ọ́, lè bá irú èyí pàdé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó sì rò pé ẹrù tó ti kú ni wọ́n tà fún òun. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀rọ náà kò lárùn, Linux náà kò sì bàjẹ́. Ibì kan lójú ọ̀nà ni wọn ò ti gbọ́ra wọn yé.

Linux orí fláàṣì kì í fò dé desktop. Ó dà bí ẹni tó ń ti Ìyànà Ìpájà lọ sí CMS tí kò rí ọkọ̀ tààrà: á wọ ọkọ̀ dé Ọ̀ṣòdì, á tún wọ òmíràn dé Ọbáléndé, kó tó wá gba ibẹ̀ lọ síbi tó ń lọ. UEFI, ètò tó wà nínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, tàbí BIOS lórí ẹ̀rọ àtijọ́, ló máa ń kọ́kọ́ jí. Òun ló ń rí fláàṣì, tó sì ń pe GRUB, ètò kékeré tó ń jẹ́ kí ẹ yan ohun tí ẹ fẹ́ ṣí. GRUB á gbé kernel, tí í ṣe ọkàn Linux, sínú RAM pẹ̀lú ẹrù kékeré kan tó ń jẹ́ initramfs. Initramfs yìí ló máa padà sórí fláàṣì láti ṣí fáìlì ńlá tí wọ́n fún gbogbo Linux yòókù pọ̀ sí. Lẹ́yìn náà ni systemd á máa jí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, títí yóò fi kan èyí tó ń gbé desktop jáde. Bí èrò ò bá dé CMS, ibùdókọ̀ tó há sí là á béèrè. Ìbéèrè yẹn ló yẹ kó ṣáájú, kí èèyàn tó tún fláàṣì kọ, kó tó gbé ẹ̀rọ padà fún ẹni tó tà á.

Bí GRUB kò bá yọjú rárá, ọ̀rọ̀ ò tíì kan Linux. Ẹ tẹ F9 lórí HP, tàbí F12 lórí Dell àti ọ̀pọ̀ Lenovo, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín yan fláàṣì. Bí ẹ̀rọ bá kọ̀ ọ́ síbẹ̀, ẹ wo Secure Boot, ìṣọ́ tí kì í jẹ́ kí ohun tí kò ní àmì àṣẹ ṣí, nínú ètò UEFI. Ubuntu àti Debian, oríṣi Linux méjì, máa ń gba ibẹ̀ kọjá, àmọ́ àwọn Linux kan wà tí kò ní lè ṣí àfi tí ẹ bá pa á.

Bí GRUB bá jáde, tó wá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ initramfs ló dúró tó ń retí àṣẹ, fláàṣì tàbí fáìlì ISO, ìyẹn fáìlì Linux tí ẹ kọ sórí fláàṣì, ni kí ẹ fura sí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń já lè ba ISO jẹ́ nígbà tí ẹ ń fà á wálẹ̀. Lórí Windows, ẹ lo àṣẹ certutil -hashfile, orúkọ fáìlì náà, àti SHA256, kí ẹ fi ohun tó bá gbé jáde wé èyí tí àwọn tó ṣe Linux náà kọ sínú SHA256SUMS, fáìlì tó wà níbi tí ẹ ti fa ISO. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yàtọ̀, ẹ tún un fà. Fláàṣì ayédèrú náà ń bẹ lọ́jà: 64GB ló wà lára rẹ̀, inú rẹ̀ ò tó bẹ́ẹ̀. Á gba gbogbo ohun tí ẹ bá kọ sí i láìjanpata, ìgbà tí ẹ bá fẹ́ kà á ni ẹ máa mọ̀ pé ìdajì ti sọnù. Lórí Linux, àṣẹ f3write àti f3read ló ń tú u fó.

Ojú dúdú tó máa ń yọ lẹ́yìn GRUB ló gba sùúrù jù. Ẹ kọ́kọ́ tẹ Ctrl, Alt àti F3 pọ̀. Bí ọ̀rọ̀ login bá jáde, Linux ti jí, àwòrán nìkan ló há. Lórí Debian live, user ni orúkọ, live sì ni ọ̀rọ̀ aṣínà. Ẹ wọlé, kí ẹ tẹ journalctl -b láti ka ohun tó ṣẹlẹ̀.

Bí ìyẹn náà ò bá jáde, ẹ tún ẹ̀rọ tàn. Nígbà tí GRUB bá dé, ẹ tẹ lẹ́tà e, kí ẹ wá ìlà tó fi linux bẹ̀rẹ̀. Ẹ pa quiet àti splash rẹ́, torí àwọn méjèèjì ló ń bo ohun tí kernel ń sọ mọ́lẹ̀. Ẹ kọ nomodeset sí àyè wọn, kí ẹ tẹ F10. Bí ó bá tún há, ẹ fi fóònù ya ìlà tó gbẹ̀yìn ní fọ́tò. Fọ́tò yẹn wúlò fún ẹni tó máa bá yín tún un ṣe ju kí ẹ sọ pé kò ṣiṣẹ́ lọ.

Ìdí tí nomodeset fi ń ṣiṣẹ́ rèé. Kernel kì í fẹ́ lo àwòrán lásán tí UEFI gbé kalẹ̀, ó máa ń fẹ́ fi dráífà, ètò tó ń bá káàdì àwòrán sọ̀rọ̀, gba ojú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Lórí àwọn káàdì Nvidia kan, nouveau, dráífà ọ̀fẹ́ tó wà nínú kernel, kò mọ káàdì náà dáadáa, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣú. Nomodeset ń sọ fún kernel pé kó má fọwọ́ kan an. Àwòrán lè rí gàdàgbà, fídíò lè máa fà, ṣùgbọ́n desktop á jáde. Lórí Ubuntu, ẹni tí kò fẹ́ tẹ nǹkan kan lè yan safe graphics nínú GRUB.

RAM náà lè fa ìdúró. Gbogbo ohun tí Linux orí fláàṣì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ, inú RAM ló ń kó o sí, nítorí náà ẹ̀rọ 2GB kò lè ru Ubuntu ńlá. Lubuntu, Ubuntu tó fúyẹ́, ló bá a mu.

Tí ẹ bá ti gbé Linux sórí díìsìkì tán, ojú dúdú yẹn lè padà wá, nítorí nomodeset tí ẹ kọ lè má tẹ̀ lé e débẹ̀. Ẹ di Shift mú, tàbí kí ẹ tẹ Esc lórí ẹ̀rọ UEFI, kí GRUB lè yọ. Ẹ tún nomodeset kọ, ẹ so íntánẹ́ẹ̀tì pọ̀, kí ẹ fi sudo ubuntu-drivers install gbé dráífà Nvidia wọlé bó bá jẹ́ Ubuntu, kí ẹ sì tún ẹ̀rọ tàn.