Kí Ẹ Tó Díye Lé Fọ́wọ́ọ̀dù

Bí àdéhùn fọ́wọ́ọ̀dù kan, ìyẹn agbábọ́ọ̀lù iwájú, bá ti fẹ́ parí ní NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ti Amẹ́ríkà, ìbéèrè tí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n máa ń bi mí ni pé: "Póìǹtì mélòó ló ń ní?" Àwa tá a ń díye lé agbábọ́ọ̀lù, ohun tá a máa ń kọ́kọ́ wá ni iye àǹfààní láti ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n tó ná kó tó rí póìǹtì yẹn.

Ẹ mú ẹni méjì tí wọ́n jọ ní póìǹtì 20. Ẹni àkọ́kọ́ ju bọ́ọ̀lù nígbà 18, ó tún gba ìjù ọ̀fẹ́ 4, èyí tí wọ́n máa ń fúnni bí alátakò bá ṣẹ̀ ẹ́. Èkejì ju 13, ó gba ìjù ọ̀fẹ́ 6. A máa ń fi 0.44 sọ iye ìjù ọ̀fẹ́ di púpọ̀, torí pé méjì ló sábà máa ń wá pọ̀, ká tó fi kún iye ìgbà tó ju bọ́ọ̀lù. Ẹni àkọ́kọ́ ná àǹfààní 19.8, èkejì ná 15.6. Mẹ́rin tí èkejì ṣẹ́ kù, ẹlòmíì nínú ẹgbẹ́ ló máa jù ú. Ibẹ̀ gan-an lowó wà.

Ohun míì tá a máa ń bi ara wa ni pé: Ta ló máa ń di bọ́ọ̀lù mú jù nínú ẹgbẹ́ tó fẹ́ gbà á? Tobias Harris ní ìpíndọ́gba póìǹtì 20 nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan ní sáà 2018–19, ẹgbẹ́ Philadelphia sì fún un ní àdéhùn ọdún 5, mílíọ̀nù 180 dọ́là. Àmọ́ Joel Embiid, ìràwọ̀ ẹgbẹ́ náà, ni wọ́n ń wá bọ́ọ̀lù fún níbẹ̀. Nínú ọdún márààrún, Harris kò tún dé 20. Wọ́n bú u, ó sì dùn mí, torí ọwọ́ rẹ̀ kò kú, iṣẹ́ tí wọ́n fún un ló yí padà.

Ìpíndọ́gba póìǹtì 14.7 péré ni fọ́wọ́ọ̀dù míì, OG Anunoby, ní ní sáà 2023–24. Síbẹ̀ ẹgbẹ́ New York borí nígbà 20 nínú ìdíje 23 tó gbá fún wọn ní sáà náà kí àwọn ìdíje ìparí sáà (playoffs) tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fún un ní mílíọ̀nù 212.5 dọ́là fún ọdún 5. Bẹ́ ẹ bá ń wò ó, ẹ gbójú kúrò lára bọ́ọ̀lù. Òun ni wọ́n máa ń ní kó ṣọ́ agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù lára àwọn alátakò. Bí bọ́ọ̀lù bá kàn án ní kọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dúró dáadáa tẹ́lẹ̀, á jù ú láìtà á mọ́lẹ̀ rárá. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Òfin NBA náà ń gbówó sókè. Ẹgbẹ́ tó ni agbábọ́ọ̀lù sábà máa ń lè kọjá gbèdéke owó tí NBA fi lélẹ̀ fún owó àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ kan láti dá a dúró, ó lè tó ọdún 5, kí owó náà sì máa fi tó ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún gòkè lọ́dọọdún. Ẹgbẹ́ mìíì kò lè kọjá ọdún 4 àti ìdá 5. Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ tó ti kọjá gbèdéke bá jẹ́ kó lọ láìgba nǹkan kan dípò rẹ̀, kì í ṣe pé owó rẹ̀ máa ṣẹ́ kù fún wọn láti fi ra irú rẹ̀. Aṣojú agbábọ́ọ̀lù tó mọ òwò ṣe kò ní gbàgbé ìyẹn.

Ní tèmi, ọdún tó gbẹ̀yìn àdéhùn ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ẹni ọdún 29 tó gba ọdún 5 máa jẹ́ 33 nígbà yẹn. Bó bá jẹ́ fífò ló gbẹ́kẹ̀ lé, mi ò ní kọjá ọdún 3. Bó bá jẹ́ ìjù láti ọ̀nà jíjìn, mo lè fọwọ́ sí 5.