Oògùn amúralágbára, iṣan tí kì í gbàgbé, àti ìfòfindè títí ayé

Ìfòfindè títí ayé, tí àwọn olólùfẹ́ eré sísá kàn máa ń pè ní láífù báànù, ni ìyà tó ga jù tí wọ́n lè fi jẹ eléré ìdárayá tí wọ́n bá ká oògùn amúralágbára mọ́ lára. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ láti ọdún 2013 ló ti gba ojú mìíràn, torí pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní Norway sọ pé iṣan tó bá ti fi sítẹ́rọ́ìdì, ìyẹn oògùn tó ń mú iṣan tóbi, sanra rí kì í gbàgbé, pé kódà tí onítọ̀hún bá jáwọ́ tí ara ẹ̀ sì ti fọ̀ padà, nǹkan tó jèrè níbẹ̀ ṣì wà nínú ẹran ara ẹ̀, níbi tí àyẹ̀wò ìtọ̀ ò lè rí i. Ohun tí wọ́n wá ń bi ara wọn ni pé tí èrè ò bá tán lẹ́yìn ọdún 4 tí wọ́n fi ń dáni dúró, kí ló dé tí ìyà fi ń tán.

Bí iṣan ṣe ń rántí

Ọ̀pọ̀ irú sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú ara èèyàn, núkílíọ́sì kan ṣoṣo ló ní, ìyẹn ibi tí àṣẹ ti ń jáde nínú sẹ́ẹ̀lì. Ti iṣan yàtọ̀. Fọ́nrán iṣan kan ṣoṣo máa ń gùn bí òwú, ó sì lè ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún núkílíọ́sì nínú, tí kálukú wọn ń bójú tó àdúgbò tiẹ̀ bíi baálé, òun ló ń pàṣẹ purotéènì tí wọ́n á ṣe síbẹ̀. Tí iṣan bá wá fẹ́ tóbi gan-an, ó sáábà máa ń nílò baálé sí i. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké kan wà tó ń sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́nrán náà, wọ́n á jí, wọ́n á yọ́ mọ́ ọn, núkílíọ́sì tiwọn á sì di tiẹ̀. Irin gbígbé máa ń fa irú ẹ̀. Testosterone, họ́mọ̀nù ọkùnrin tó jẹ́ sítẹ́rọ́ìdì, àtàwọn ẹbí ẹ̀ náà ń fà á, ìgbà mìíràn láìjẹ́ pé èèyàn gbé irin kankan rárá.

Lọ́dún 1996, àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà tí Shalender Bhasin ṣíwájú wọn dán oògùn yìí wò lára ọkùnrin 43. Wọ́n ń fún àwọn kan ní 600 mílígíráàmù testosterone lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 10, àwọn yòókù gba abẹ́rẹ́ tí ò ní nǹkan kan nínú, nínú ìhà méjèèjì sì rèé àwọn kan ń gbé irin, àwọn kan ò ṣe nǹkankan. Àwọn tó gba oògùn tí wọ́n jókòó jẹ́jẹ́ wọn, iṣan tiwọn náà tóbi sí i, àwọn tó gbà á tí wọ́n tún ń gbé irin ló wá jèrè jù. Ẹni tó bá ń làágùn nínú jímù láàárọ̀ láìlo nǹkankan á mọ bí ìyẹn ṣe máa ń dunni tó.

Iṣẹ́ tí Kristian Gundersen àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe ní Yunifásítì Oslo ní Norway ló wá gbé ọ̀rọ̀ dé ibi tó dé. Wọ́n fún ekuté ní testosterone fún ọ̀sẹ̀ 2 péré, núkílíọ́sì inú iṣan wọn fi ìdá 66 nínú 100 pọ̀ sí i, fọ́nrán iṣan náà sì fi ìdá 77 nínú 100 sanra sí i. Wọ́n wá yọ oògùn náà kúrò, iṣan yẹn rù padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, tí ẹ bá wo ekuté náà lójú lásán ẹ ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ rí, àmọ́ àwọn núkílíọ́sì yẹn ò lọ. Oṣù 3 lẹ́yìn náà wọ́n ṣì wà níbẹ̀, ẹ sì rántí pé ekuté kì í pẹ́ láyé, oṣù 3 tiẹ̀ ti lé ní ìdá kan nínú mẹ́wàá ọjọ́ ayé ẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá di iṣẹ́ líle lé iṣan náà lórí fún ọjọ́ 6, ti àwọn tó ti gba oògùn rí fi ìdá 31 nínú 100 sanra, ti àwọn tí ò gbà á rí ò kúrò lójú kan lọ títí. Àwọn onímọ̀ náà sọ ọ́ síbi tí wọ́n ti tẹ iṣẹ́ yìí jáde pé ó lè kan iye ọdún tó yẹ kí wọ́n máa fi dá àwọn tó lo oògùn dúró.

Ekuté kì í ṣe èèyàn ṣá. Àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Kentucky náà ṣe tiwọn lọ́dún 2019, ekuté tiwọn ń yí wíìlì tí wọ́n di ẹrù mọ́, kò sí oògùn níbẹ̀, nígbà tí wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n sinmi, núkílíọ́sì tó ti pọ̀ tẹ́lẹ̀ dín kù padà. Ti èèyàn ló wá nira jù, torí pé kò sí ẹni tó máa gbà kí wọ́n gún eléré ìdárayá lábẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ìdì kí wọ́n wá jókòó tì í fún ọdún 10. Ohun tó sún mọ́ ọn jù ni èyí tí wọ́n ṣe ní Denmark tó jáde lọ́dún 2023, wọ́n gé ẹran ara bíńtín lára àwọn ọkùnrin tó ti lo sítẹ́rọ́ìdì rí àmọ́ tí wọ́n ti jáwọ́, wọ́n sì rí i pé núkílíọ́sì wọn ṣì pọ̀ ju ti àwọn tí ò lò ó rí. Ìyẹn ń ti àwọn ará Oslo lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin yẹn fúnra wọn ló pinnu láti lo oògùn, wọn ò ṣẹ́ kèké yàn wọ́n, kò sì sí ẹni tó mọ bí iṣan wọn ṣe rí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Nǹkan mìíràn tí àwọn tó ń pariwo láífù báànù kì í fẹ́ gbọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo oògùn ló ní irú ìrántí yìí. EPO ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pupa pọ̀ ni, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ò sì ju bí ọjọ́ 120 lọ tó fi ń kú, tí wọ́n bá dá eléré ìdárayá tó lo EPO dúró fún ọdún 4, èyí tó fi dá ẹ̀jẹ̀ lára ti lọ tipẹ́tipẹ́. Àwọn oògùn tó ń jẹ́ kí ojú dá, tí wọ́n ń lò lọ́jọ́ ìdíje, wákàtí mélòó kan ni tiwọn. Tó bá jẹ́ torí iṣan nìkan ni wọ́n fẹ́ fi fòfin de èèyàn títí ayé, àwọn tó lo sítẹ́rọ́ìdì àti irú ẹ̀ nìkan ló kàn, kò kan gbogbo ẹni tí wọ́n bá gbá mú.

Gatlin ní London

Orúkọ tí gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ dá tí ọ̀rọ̀ yìí bá délẹ̀ ni Justin Gatlin, asáré ọmọ Amẹ́ríkà. Wọ́n gbá a mú lọ́dún 2001 torí oògùn àìlèfọkànsí nǹkan tó ti ń lò láti kékeré, lọ́dún 2006 wọ́n tún bá testosterone lára ẹ̀, wọ́n kọ́kọ́ fún un ní ọdún 8, wọ́n wá dín in kù sí 4. Ó padà lọ́dún 2010. Lọ́dún 2015 ó sá 100 mítà ní Doha láàárín ìṣẹ́jú àáyá 9.74, ìyẹn ni ó sì yára jù nínú gbogbo ayé ẹ̀, nígbà tó ti pé ẹni ọdún 33. Ọdún 2017 ló wá lu Usain Bolt mọ́lẹ̀ ní London pẹ̀lú 9.92, gbogbo pápá ń hó lé e lórí, ó sì forí balẹ̀ fún Bolt lẹ́yìn eré náà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ní ẹ̀rí iṣan nìyẹn, wọ́n ní ṣé a ò rí i ni. Èmi ò rò pé ó tó ẹ̀rí. Kim Collins, ọmọ Saint Kitts and Nevis, sá 9.93 lọ́dún 2016 nígbà tó ti pé ẹni ogójì ọdún, ẹnikẹ́ni ò sì dá a dúró rí torí oògùn. Eléré ìdárayá kan ṣoṣo ò lè sọ fún wa ohun tó ń lọ nínú núkílíọ́sì, ó lè jẹ́ kóòṣì ló yí padà, ó lè jẹ́ bí ara ẹ̀ ṣe rí látilẹ̀ nìyẹn.

Bí òfin ṣe ń lọ sókè sódò

Sebastian Coe, asáré ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti dìde níbi ìpàdé Òlíńpíìkì tí wọ́n ṣe ní Baden-Baden lọ́dún 1981, ó ní kí wọ́n máa fòfin de àwọn tó lo oògùn títí ayé, àwọn kóòṣì àti dókítà tó ń fún wọn náà. Wọn ò ṣe é. Nígbà tí Ben Johnson, asáré ọmọ Canada, sá 100 mítà ní 9.79 ní Seoul lọ́dún 1988 tí wọ́n sì bá stanozolol, irú sítẹ́rọ́ìdì kan, nínú ìtọ̀ ẹ̀, ọdún 2 ni wọ́n fún un, ó padà dé, wọ́n tún gbá a mú lọ́dún 1993, ìgbà yẹn ló tó di títí ayé. Àjọ eré sísá àgbáyé gbìyànjú ẹ̀ lọ́dún 1991, wọ́n sọ ọ́ di ọdún 4 fún ìgbà àkọ́kọ́, àmọ́ nígbà tó fi máa di 1997 wọ́n ti dá a padà sí 2 torí pé àwọn kóòtù láwọn orílẹ̀-èdè kan ò fara mọ́ ọn, wọ́n ní kò bójú mu láti fi ọdún 4 gba iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ lọ́wọ́ èèyàn.

Wọ́n dá WADA, àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti oògùn amúralágbára, sílẹ̀ lọ́dún 1999, òfin ẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2004. Ọdún 2 fún ìgbà àkọ́kọ́, títí ayé fún ìgbà kejì. Láti 2015, ìgbà àkọ́kọ́ ti di ọdún 4 tó bá jẹ́ pé onítọ̀hún mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, àmọ́ títí ayé tó jẹ́ dandan ti sún sí ìgbà kẹta kó tó dìgbà náà. Ẹ wò ó, àárín ìgbà yẹn gan-an ni ìwádìí Oslo jáde. Ohun tí wọ́n fi wọn ọdún 4 yẹn kì í ṣe iṣan, òfin ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ni. WADA lọ bá Jean-Paul Costa, tó ti ṣe ààrẹ kóòtù ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ilẹ̀ Yúróòpù rí, òun ló sì sọ fún wọn lọ́dún 2013 pé ọdún 4 ò ta ko òfin.

Àwọn tó gbìyànjú ju ìyẹn lọ, kóòtù ló dá wọn padà. Láti 1992 ni àjọ Òlíńpíìkì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní òfin tiwọn pé ẹni tó bá ti jẹ̀bi lílo oògùn amúralágbára ò gbọdọ̀ ṣojú wọn mọ́ ní Òlíńpíìkì láéláé. Àjọ Òlíńpíìkì àgbáyé náà ṣe tiwọn lọ́dún 2008, wọ́n ní ẹni tí wọ́n bá dá dúró ju oṣù 6 lọ ò ní kópa nínú Òlíńpíìkì tó tẹ̀ lé e. LaShawn Merritt, asáré 400 mítà, ni ọ̀rọ̀ náà bá, CAS tó jẹ́ kóòtù eré ìdárayá ní Lausanne sì fagi lé òfin yẹn lóṣù kẹwàá ọdún 2011, wọ́n ní ìyà kejì lórí ẹ̀ṣẹ̀ kan ni. Ní oṣù kẹrin ọdún 2012 wọ́n fagi lé ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, bẹ́ẹ̀ ni Dwain Chambers tó ń sáré àti David Millar tó ń gun kẹ̀kẹ́ ṣe rí àyè dé Òlíńpíìkì London.

Àwọn tí wọ́n jà lólè, àwọn tí wọ́n tàn jẹ

Tí ẹ bá bi ọmọ Nàìjíríà bóyá ìyà náà tó, ó ṣeé ṣe kó rán yín létí Sydney 2000. Clement Chukwu, Jude Monye, Sunday Bada àti Enefiok Udo-Obong gba fàdákà nínú eré 4x400, Amẹ́ríkà ló gba góòlù. Ọdún 2008 ni Antonio Pettigrew, ọ̀kan lára àwọn tó sá a fún Amẹ́ríkà, jẹ́wọ́ pé òun ti ń lo oògùn, wọ́n gba góòlù lọ́wọ́ Amẹ́ríkà, àmọ́ ó di 2012 kí wọ́n tó sọ pé ti Nàìjíríà ni. Bada ti kú ní oṣù kejìlá ọdún 2011. Irú nǹkan báyìí ló ń mú kí àwọn kan sọ pé kí wọ́n lé ẹni tó bá lò ó lọ pátápátá, pé ẹni tó bá jìn sí kòtò, á kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Àwọn tó wà ní òdì kejì ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Wọ́n á mẹ́nu ba East Germany, níbi tí ìjọba fúnra ẹ̀ ti ń pín Oral Turinabol, tó jẹ́ sítẹ́rọ́ìdì, fún àwọn eléré ìdárayá láti àwọn ọdún 1970, tí ọ̀pọ̀ lára wọn jẹ́ ọmọdé tí wọ́n sọ fún pé fítámì ni. Iṣan wọn rántí o, àmọ́ ta ni ẹ máa fi ìyà jẹ? Ní Glasgow lọ́dún 2014, ọmọbìnrin Nàìjíríà kan tó jẹ́ ẹni ọdún 16 ni wọ́n gba góòlù ìdíje gbígbé irin ti Commonwealth lọ́wọ́ ẹ̀. Àṣìṣe náà tún wà. Wọ́n fún Simona Halep tó ń gbá tẹ́níìsì ní ọdún 4 lọ́dún 2023, nígbà tó di oṣù kẹta ọdún 2024 CAS sọ ọ́ di oṣù 9, torí wọ́n gbà pé oúnjẹ àfikún tí nǹkan ti kó sí ló fà á. Ọdún tí láífù báànù bá ti gbà lọ́wọ́ èèyàn ò ṣeé dá padà. Ibi tí òfin WADA ti mú un le jù báyìí ni ti àwọn kóòṣì àti dókítà, ẹni tó bá fún ọmọdé ní sítẹ́rọ́ìdì, ìgbà àkọ́kọ́ ni tiẹ̀, títí ayé ni.

Blessing Okagbare

Ọmọ Sapele yìí wà ní ìhà méjèèjì. Ní Beijing 2008 ó gba idẹ nínú fífò jìnnà, lọ́dún 2017 wọ́n sọ ọ́ di fàdákà torí wọ́n ti ká oògùn mọ́ Tatyana Lebedeva ọmọ Rọ́ṣíà lọ́wọ́. Lọ́jọ́ 31 oṣù keje ọdún 2021, ọjọ́ tó yẹ kó sá ìpele tó kángun sí àṣekágbá 100 mítà ní Tokyo, wọ́n ní kó dúró, àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún un ní Slovakia ti gbé họ́mọ̀nù ìdàgbàsókè jáde, EPO náà tún jáde nínú èyí tí wọ́n gbà ní Nàìjíríà. Ọdún 10 ni wọ́n kọ́kọ́ fún un ní oṣù kejì ọdún 2022, 5 torí oògùn, 5 torí pé ó kọ̀ láti bá àwọn olùwádìí ṣiṣẹ́, wọ́n sì fi ọdún 1 kún un ní oṣù kẹfà. Ẹni ọdún 33 ni nígbà yẹn, ó máa ti lé ní 40 dáadáa kí ọdún 11 yẹn tó pé, nítorí náà bí ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ pè é ní títí ayé, kò yàtọ̀ sí i. Eric Lira tó ń fún un ní oògùn láti Texas, oṣù 3 ní ẹ̀wọ̀n ni kóòtù Amẹ́ríkà fún un lọ́dún 2024.

Èsì tí wọ́n fagi lé ni ti ọdún 2021 sókè. Fàdákà Beijing ṣì jẹ́ tiẹ̀.