Bátìrì Ọkọ̀ Oníná: Ta Ló Ń Ka Èyí Tó Kù?

Fídíò kan ń gba orí fóònù kiri n'Ìbàdàn: ọkọ̀ oníná kú sórí òkè, bẹ́ẹ̀ dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ní bátìrì ṣì kù. Àwọn kan ní ayédèrú lọkọ̀ náà, àwọn kan ní ayé ló ṣe é. Ẹ jẹ́ ká mú ìbéèrè yín lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ṣé kò sí géèjì nínú bátìrì ni?
Kò sí.

Kí ló wá ń kà á?
Kọ̀ǹpútà kékeré tó ń ṣọ́ bátìrì. Nínú táńkì epo, nǹkan kan léfòó tó ń bá epo lọ sílẹ̀. Iná ò ṣe é wọ̀n bẹ́ẹ̀, ṣíṣírò ni wọ́n ń ṣírò rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ń ka iná tó wọlé àti èyí tó jáde, bí ìyá aláṣọ ní Gbági tó ń kọ owó sínú ìwé láì ṣí àpótí. Àmọ́ àṣìkà kékeré ń gorí ara wọn. Tó bá yá, ìwé àti àpótí ò ní bára mu mọ́. Fóltéèjì ni wọ́n fi ń tún un ṣe: bí bátìrì ṣe ń tán ló ń rẹlẹ̀. Ìgbà tí ọkọ̀ bá ti sinmi ló ṣe é gbára lé jù.

Ó ṣe wá kú nígbà tí kò tíì tán?
Mi ò rí inú ọkọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ohun tó sábà ń fà á nìyí. Bátìrì tí wọ́n ń pè ní LFP (èyí tí wọ́n fi irin àti fọ́sífétì ṣe) máa ń ṣòro kà: láàárín kíkún àti títán, fóltéèjì sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ìyẹn àwọn bátìrì kéékèèké inú rẹ̀, kì í fẹ́ kúrò ní àyíká fóltì 3.3, bóyá ó ṣì pọ̀ tàbí ó ti dín. Ìwé ìyá aláṣọ yẹn, ìyẹn kíka iná tó wọlé àti èyí tó jáde, nìkan ló kù fún kọ̀ǹpútà. Ẹ̀wẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì so kọ́ra wọn. Bí ọ̀kan tó ti rẹ̀ bá kọ́kọ́ tán, kọ̀ǹpútà á pa gbogbo wọn kó má bàa bàjẹ́. Òkè ló sì máa ń tú àṣírí irú ẹ̀, torí iná tí mọ́tò ń fà níbẹ̀ pọ̀, fóltéèjì á já wálẹ̀ lójijì.

Mo ń sọ̀kalẹ̀ láti Màpó, iye tó kù tún lọ sókè. Àbí ojú mi ni?
Ojú yín kọ́. Bí ọkọ̀ bá ń yí wálẹ̀, mọ́tò rẹ̀ á di jẹnẹrétọ̀, á dá iná díẹ̀ padà. Èyí tẹ́ ẹ fi gùn ún kọ́ ló padà tán o. Ẹni tó bá fẹ́ máa gun Màpó kí bátìrì lè kún, ẹ bá mi kí i.

Kìlómítà tí dáṣíbọ́ọ̀dù ń kọ pé ó kù ńkọ́?
Ìméfò ni. Bẹ́ ẹ ṣe wà á láìpẹ́ yìí ló ń wò. Ẹni tó ti ń rọra rìn nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Dùgbẹ̀, tó wá já sí márosẹ̀ Èkó, tó ń sáré, yóò rí i pé kìlómítà ń yára tán ju bó ṣe kọ ọ́ lọ. Atẹ́gùn tó ń ta ko ọkọ̀ ló ń jẹ iná rẹ̀.

Kí ni kí n ṣe?
Bó bá jẹ́ LFP, ẹ máa ṣáàjì rẹ̀ dé 100 lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí kọ̀ǹpútà lè rí ibi tó kún. Ohun tí Tesla, iléeṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ oníná, ń sọ fún àwọn oní-LFP rẹ̀ nìyẹn, bí NEPA bá gbà. Irú tó ní nickel, ẹ má fi í dé 100 lójoojúmọ́. Ẹ wo ìwé ọkọ̀ yín.

Ṣé kí n ní kí mẹkáníìkì tú u wò?
Ẹ má dán an wò. Bátìrì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oníná ń lọ bíi fóltì 400, ìyẹn sì ń pa èèyàn, kódà tí dáṣíbọ́ọ̀dù bá ní òdo ló kù.